Moondance Diner: láti Sixth Avenue dé La Barge

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, wọ́n gbé odidi ilé oúnjẹ kan lé tírélà ní Manhattan, ní ìlú New York, tírélà sì dojú kọ ìwọ̀-oòrùn. Moondance Diner lorúkọ ilé oúnjẹ náà. La Barge ló ń lọ, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Wyoming tí gbogbo ará ibẹ̀ lápapọ̀ kò tó 600. Ọ̀nà náà lé ní 2,000 máìlì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á rò pé ojú ọ̀nà ni ewu wà, torí ilé náà ti lé ní 70 ọdún, ọ̀pọ̀ ibi lára rẹ̀ ni igi ti gbó, tírélà yóò sì máa mì í láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn. Àmọ́ ilé náà dé La Barge. Ìgbà tó dé tán, tó dúró jẹ́ẹ́ lórí ilẹ̀ tuntun, ni òrùlé rẹ̀ wó.

Àkókò tó wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n sọ ilé náà kalẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n gbé abọ́ oúnjẹ àkọ́kọ́ síwájú oníbàárà ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò dáadáa. Lójú tèmi, àkókò yẹn ló ń pa dáínà, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń sáré gba ilé àtijọ́ là kì í sábà fi í sínú ìṣirò wọn.

Fún ẹni tí kò tíì jókòó nínú dáínà rí, ilé oúnjẹ tí wọ́n kàn tán ní ilé iṣẹ́ ni, tí wọ́n wá gbé wá síbi tí yóò ti máa tajà bí ẹni gbé kọ́ńténà sílẹ̀. Ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Káńtà gígùn kan wà nínú rẹ̀, àga kéékèèké tó ń yí tò síwájú káńtà náà, àga olójúkojú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìṣojú oníbàárà sì ni alásè ti ń din ẹyin. Providence, ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1872, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Walter Scott bẹ̀rẹ̀ sí í ta oúnjẹ láti inú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lóru, fún àwọn òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn àti àwọn mìíràn tí iṣẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n sùn. Àwọn tó tẹ̀ lé e mú kí kẹ̀kẹ́ náà tóbi sí i, oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú rẹ̀ kí òjò má baà pa á, nígbà tó yá wọ́n yọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì jókòó síbi kan. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wá gba iṣẹ́ náà. Worcester Lunch Car Company ní Massachusetts nìkan kan dáínà 651 láàárín 1906 sí 1957. New Jersey ló wá di orírun èyí tó pọ̀ jù, níbi tí àwọn bíi Jerry O'Mahony, Kullman, Fodero àti Paterson Vehicle Company ti ń kàn wọ́n.

Ohun tí ojú irin àti títì lè gbà ló sọ bí dáínà yóò ṣe fẹ̀ tó. Torí pé wọ́n gbé e wá, wọ́n lè gbé e lọ. Bí onílẹ̀ bá fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀, ẹni tó ni dáínà lè gbé ilé rẹ̀ kó sì wá ilẹ̀ mìíràn, ohun tí ẹni tó fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé kò lè dánwò. Ọ̀pọ̀ dáínà ló ti jókòó ní ìlú méjì tàbí mẹ́ta kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń pè é ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Nítorí náà, kò sí ẹni tó hùwà àjèjì sí Moondance nígbà tí wọ́n gbé e. Iṣẹ́ tí wọ́n kàn án fún ni wọ́n ní kó ṣe.

Ọdún 1933 ni ilé oúnjẹ yìí ti wà ní Sixth Avenue, nítòsí Grand Street, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní SoHo báyìí. Holland Tunnel Diner ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, torí ihò abẹ́ odò tó so Manhattan mọ́ New Jersey, èyí tí wọ́n ṣí ní 1927, kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ lè fojú inú wo irú àwọn tó ń yà síbẹ̀ nígbà náà: awakọ̀ akẹ́rù, òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rù-sí, ẹni tó fẹ́ mu kọfí gbígbóná kó tó wọ abẹ́ odò lọ. Nígbà tó di Moondance, wọ́n gbé àmì òṣùpá ńlá kan lé e lórí, òṣùpá náà sì ń yí. Àwọn oníṣẹ́ ọnà àti òṣèré tí owó ò tíì bá lọ́wọ́ ló wá di oníbàárà ibẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Jonathan Larson ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tó ń kọ eré olórin tó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1996, ọdún tí òun fúnra rẹ̀ kú ní ẹni ọdún 35. Àwọn onísinimá àti onítẹlifíṣọ̀n náà fẹ́ràn òṣùpá yẹn, wọ́n ya iwájú ilé náà sínú eré wọn léraléra.

Gbogbo ìyẹn kò dí ọjà ilẹ̀ lọ́wọ́. Ilẹ̀ ní SoHo ti di owó tàbùà, ilé oúnjẹ alájà kan sì jókòó sórí ilẹ̀ tí wọ́n lè kọ́ ilé gogoro sí. Nígbà tó di 2007, wọ́n ti ta ilẹ̀ náà, Moondance sì gbọ́dọ̀ kúrò. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Queens, Michael Perlman, tó ń jà fún ilé àtijọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í ké gbàjarè káàkiri pé kí wọ́n má wó o. Ilé iṣẹ́ tó ra ilẹ̀ gbà láti fi ilé náà ta American Diner Museum ní Providence lọ́rẹ, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà sì wá ẹni tí yóò gbé e lọ. Tọkọtaya kan láti La Barge ló rà á, 7,500 dọ́là sì ni wọ́n san.

Iye yẹn ló gbé ìròyìn náà káàkiri, òun náà ló sì ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Owó ọkọ̀ àlòkù ni 7,500 dọ́là. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ẹnikẹ́ni tó bá láyà lè di onídáínà. Ohun tí tọkọtaya náà rà ni ògiri, òrùlé, káńtà, àga àti orúkọ. Ibi ìdáná kò sí nínú rẹ̀. Bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ dáínà nìyẹn: ilé iṣẹ́ ń kan ibi tí oníbàárà ń jókòó, wọ́n wá ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ibi ìdáná ńlá, ibi ìkẹ́rù-sí àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn lórí ilẹ̀. Bí dáínà bá lọ, àwọn yẹn kò bá a lọ. Katakata ló ń kó wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, torí ibẹ̀ lèèyàn ti ń mọ ohun tó ń ṣe dáínà. Wọ́n á kọ́kọ́ gé gáàsì, omi àti iná mànàmáná kúrò. Wọ́n á ya ilé náà kúrò lára ohun tí wọ́n kọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni káfíńtà á dọ̀bálẹ̀ wọ abẹ́ ilé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ìrin ṣóńṣó kan, á sì máa fi gún igi ìpìlẹ̀ láti orígun dé orígun. Ibi tí irin bá ti wọlé wọ̀ọ̀, igi ibẹ̀ ti jẹrà. Ìsàlẹ̀ ibi tí alásè ń dúró sí àti abẹ́ káńtà ló sábà máa ń burú jù, torí omi ìfọwọ́, omi yìnyín àti ọ̀rá ti ń já síbẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, táìlì tó bò ó kò sì jẹ́ kó gbẹ. Bí wọ́n bá fi jáàkì gbé ilé náà láìtún ibẹ̀ ṣe, ikùn rẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀, ògiri á fẹ̀gbẹ́ kan fà, páànù tánganran tó wà lóde á sì sán. Tánganran tó bá sán, àwọn tó mọ̀ ọ́n yọ́ padà kò pọ̀ mọ́.

Nítorí náà wọ́n á fi pákó de ilé náà nínú ní àgbélébùú, wọ́n á yọ gíláàsì fèrèsé tó bá ṣeé yọ, wọ́n á ki irin gbọọrọ bọ abẹ́ ilé láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Jáàkì á wá máa gbé e díẹ̀díẹ̀, gbogbo igun lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì máa to igi kanlẹ̀kanlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Kò sí ẹni tó ń kánjú nídìí iṣẹ́ yìí. Bí igun kan bá fi ìwọ̀nba díẹ̀ ṣáájú èkejì, ilẹ̀kùn kò ní í pa dé mọ́ láéláé.

Ti ojú ọ̀nà ń fẹ́ ìwé ju agbára lọ. Ẹrù tó fẹ̀ kọjá ìwọ̀n gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá gbà kọjá, ọkọ̀ kékeré oníná lórí a máa ṣáájú rẹ̀, wọ́n á yan ọ̀nà tí afárá kò ti rẹlẹ̀ jù, àti wákàtí tí ọkọ̀ kò pọ̀. Ó ń náni lówó, ó sì ń tánni ní sùúrù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àwọn èèyàn mọ̀ ni. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é wà, ìlànà wà, ìbánigbófò wà. Ọjọ́ tí yóò parí wà nínú ìwé. Ohun tó ń tẹ̀ lé e ni kò ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀.

La Barge wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Green River, ní títì US 189, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Wyoming. Ó ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 6,500 ẹsẹ̀ bàtà. Ilẹ̀ gbígbẹ ni, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ le, òtútù rẹ̀ sì gùn. Epo rọ̀bì àti gáàsì ló ń bọ́ agbègbè náà. Ní 2007, àwọn oko gáàsì tó wà ní àríwá rẹ̀, lọ́nà Pinedale, ń lọ ní pẹrẹu, ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ń lọ ń bọ̀ ní títì náà lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ro pé kí irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ibi jókòó jẹ ẹyin àti ànàmọ́ dídín kò rò ó kù. Ó wu mí pé tọkọtaya náà kò ra dáínà yìí láti fi ṣẹ̀ṣọ́. Wọ́n fẹ́ ta oúnjẹ nínú rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àṣelàágùn, irú àwọn tí wọ́n kàn án fún ní 1933.

Ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ ni ilé náà kúrò ní New York. Ẹ ṣírò ohun tó kù láti ṣe kí òtútù tó dé. Ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ jìn kọjá ibi tí òtútù ń dé nínú ilẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ilẹ̀ á wú nígbà òtútù, á sì gbé ilé náà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ ibi ìdáná tuntun. Páìpù omi, páìpù ẹ̀gbin, iná, ẹ̀rọ tó ń fa èéfín àti èyí tó ń pa iná tó bá sọ lórí ààrò, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá òfin òde òní mu. Òfin kò bi ilé léèrè pé ṣé ó ti wà láti 1933. Ní kété tó bá ti kúrò níbi tó wà, ó di ilé tuntun lójú àwọn tó ń yẹ ilé wò, àbùkù tí wọ́n ti ń gbójú fò fún un tẹ́lẹ̀ á sì wá sójú táyé. Ní ìlú ńlá, ẹni tó mọ gbogbo iṣẹ́ yìí pọ̀. Ní abúlé elépo nígbà tí epo ń gbówó lórí, jórinmọ́rin àti ẹlẹ́ńtíríṣíà wà nídìí epo, kò sí ẹni tó máa fi owó yẹn sílẹ̀ wá so wáyà ilé oúnjẹ.

Òtútù bá wọn níbẹ̀. Nígbà òtútù tó so 2007 pọ̀ mọ́ 2008, yìnyín kó jọ sórí òrùlé Moondance, òrùlé náà sì wó.

Àwọn kan sọ pé òrùlé New York kò lè gbé yìnyín Wyoming. Òtítọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Yìnyín ń bọ́ ní New York pẹ̀lú, nígbà mìíràn ó ń bọ́ púpọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, òrùlé yẹn sì ti gbé e fún ohun tó lé ní 70 ọdún. Ṣùgbọ́n dáínà tó ń ṣiṣẹ́ ń tọ́jú òrùlé ara rẹ̀. Irin ìdínǹkan ń jó láti ìdájí, omi kọfí ń hó, ara àwọn tó jókòó ń móoru, ooru gbogbo ìyẹn ń gòkè gba inú àjà tinrín. Yìnyín tó bá bọ́ sórí rẹ̀ ń yọ́ láti ìsàlẹ̀, ó ń ṣàn lọ kí òmíràn tó dé. Bó bá sì pọ̀ jù, ọ̀gá ibẹ̀ á rán ẹnì kan gòkè pẹ̀lú ṣọ́bìrì, torí òun náà fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀. Ní La Barge, ilé náà ṣófo. Kò sí iná nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó ń wọlé tó ń jáde. Yìnyín ọ̀sẹ̀ yìí sùn lé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, oòrùn ọ̀sán yọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, alẹ́ mú kó dì padà, ó sì ń wúwo sí i. Igi òrùlé tó ti gbó kò ní ohun tó máa fi lé e kúrò.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ìdúró ló pa á. Bó bá jẹ́ oṣù kẹrin ni wọ́n gbé e dé ni, bóyá ìdáná ì bá ti máa jó kó tó di òtútù. Bí wọ́n bá sì ti mọ̀ pé iṣẹ́ kò ní í tán, wọ́n ì bá ti fi òpó dìde sínú ilé náà lábẹ́ àjà, tàbí kí wọ́n kọ́ àtíbàbà onírin bò ó. Àtíbàbà bẹ́ẹ̀ kò lẹ́wà nínú fọ́tò, kò sì sí oníròyìn tó máa wá ya á. Òun ni ì bá gba òrùlé náà là.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé tọkọtaya náà kò ká ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ta àwókù náà fún àwọn oní-irin. Wọ́n tún òrùlé ṣe, wọ́n parí iṣẹ́ tó kù, Moondance sì ṣí ilẹ̀kùn fún oníbàárà ní oṣù kìíní ọdún 2009. Àwọn tó fẹ́ kí ilé àtijọ́ wà gẹ́lẹ́ bó ṣe wà máa ń kùn sí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, pé òrùlé tuntun kì í ṣe ti 1933 mọ́. Mi ò bá wọn lọ níbẹ̀. Kò sí dáínà tó ṣiṣẹ́ fún 70 ọdún tí wọn kò pààrọ̀ àga, ilẹ̀, ààrò àti páànù rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Káńtà tí èèyàn lè gbé ìgbọ̀nwọ́ lé, kó máa wo ẹyin rẹ̀ bó ṣe ń dín, ni ohun tí mo fẹ́ kó kù.

Ó ta oúnjẹ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta. Ní oṣù kẹta ọdún 2012, ó tilẹ̀kùn, wọ́n sì gbé e sọ́jà. Kò ní í ya ẹni tó bá mọ agbègbè náà lẹ́nu. Ní àárín 2008, iye tí wọ́n ń ta ìwọ̀n gáàsì kan ní ọjà Amẹ́ríkà kọjá 12 dọ́là. Ní oṣù kẹrin 2012, ó ti já sí nǹkan bí 2 dọ́là. Bí gáàsì bá já, àwọn tó ń gbẹ́ kànga á kó irinṣẹ́ wọn lọ síbòmíràn, títì á sì dá. Ní Sixth Avenue, bí oníbàárà kan kò bá wá, ẹgbẹ̀rún mìíràn ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ní La Barge, ẹni tó bá lọ ti lọ nìyẹn. Òtútù kan tó sọnù náà ṣe pàtàkì níbí, torí ìgbà tí iṣẹ́ gáàsì le jù ni ilé náà fi wà láìní òrùlé.

Moondance kọ́ nìkan ni ìdúró ti ṣe báyìí. Cheyenne Diner, tí ilé iṣẹ́ Paramount kàn ní 1940, wà ní Ninth Avenue ní Manhattan títí tó fi tilẹ̀kùn ní oṣù kẹrin ọdún 2008. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbé e lọ sí Red Hook ní Brooklyn, ibi tí èèyàn lè rí láti etí omi Manhattan, ọ̀rọ̀ ìgbékọjá odò dá a dúró, ó sì di Alabama ni wọ́n gbé e lọ ní 2009. Ẹ wá fi wé Lamy's Diner, tí ilé iṣẹ́ Worcester kàn ní 1946 fún ìlú Marlborough ní Massachusetts. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Henry Ford ní Dearborn, Michigan, rà á ní 1984, wọ́n fara balẹ̀ tún un ṣe lábẹ́ àkóso Richard Gutman, òpìtàn dáínà, wọ́n sì gbé e sínú gbọ̀ngàn wọn ní 1987. Ilé tó wà lábẹ́ òrùlé ńlá mìíràn lè dúró de àwọn oníṣẹ́ títí wọ́n á fi parí. Láti 2012, ọdún tí Moondance tilẹ̀kùn, ni wọ́n ti ń ta oúnjẹ nínú Lamy's fún àwọn tó wá wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà.

Tọkọtaya inú ìlú kékeré kò lè ní gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ ká retí i lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó ń wá ẹni tí yóò gba ilé là ni mo ń bá wí. Ìlú New York ké, ìwé ìròyìn ké, gbogbo wa yọ̀ nígbà tí tírélà gbéra, lẹ́yìn ìyẹn a dá ẹrù náà dá ẹni méjì ní ibi tí òtútù ti ń kanlẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ń ta dáínà àtijọ́ ní iye táṣẹ́rẹ́ yẹ kó kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ rà á pé: oṣù wo ló máa débẹ̀, ta ni káfíńtà tó ti gbà láti ṣe òrùlé, níbo ni owó àtíbàbà wà bí iṣẹ́ bá pẹ́? Kí wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ nínú owó tí wọ́n bá tọrọ fún ìgbàlà ilé náà, kí wọ́n má sì fọwọ́ kàn án títí di ìgbà òtútù àkọ́kọ́. Bí oṣù kẹjọ bá ti dé tí kò sí ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí, kí tírélà má gbéra. Kí wọ́n wá ilẹ̀ tí ilé náà máa jókòó sí ní New Jersey tó wà lódì kejì odò, pẹ̀lú tapólì lórí rẹ̀, títí di oṣù kẹrin.